Akọ̀wé, Gáàsì àti Agbádá Álífà

Akọ̀wé kan wà ní Douala tó gbà pé òun mọ̀wé. A ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí èmi náà ni. Ojú ló ń tì mí, torí náà, ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbí.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ò dáwọ́ dúró, akọ̀wé yìí gbé ìkòkò ẹran ka iná, ó sì yí gáàsì sókè pátápátá nítorí pé àlejò ń bọ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé sílíńdà ń làágùn. Omi ń ṣàn lára irin náà láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ó sì tutù bíi pé inú fíríìjì ni wọ́n ti gbé e jáde. Akọ̀wé ní gáàsì ti ń jò nìyẹn. Ó pa iná, ó wọ́ sílíńdà sínú òjò, ó sì figbe ta: "Ẹ jáde o! Ó fẹ́ bú!" Ìyá ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ ní ọjà Mboppi sáré jáde tòun ti ìborùn orí. Àwọn ọmọ iléèwé jáde. Ọlọ́kadà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn jáde tòun ti búrẹ́dì lẹ́nu. Gbogbo ilé dúró sínú òjò, wọ́n ń wo sílíńdà.

Ọmọkùnrin tó ń ta gáàsì ní ìkóríta ló wá tú àṣírí. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kàn-ìn-kàn-ìn pa ọrùn sílíńdà, ó sì ní kí gbogbo wa máa wò ó. Bí gáàsì bá ń jò, ọṣẹ á máa wú níbẹ̀. Kò wú rárá. Ó wá fìka tọ́ ibi tí òógùn irin náà pin sí, ó ní, "Tonton, ibi tí gáàsì yín kù sí nìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Butane, ìyẹn gáàsì ìdáná, tó ti di omi ni èyí tó pọ̀ jù nínú sílíńdà. Butane tí a bá tú sílẹ̀ ní gbangba á máa hó níbi tí omi lásán ti ń di yìnyín. Ohun tí kì í jẹ́ kó hó tán nínú ooru Douala ni gáàsì tirẹ̀ tó kún òkè sílíńdà, tó ń fi agbára bí ìlọ́po mẹ́ta ti afẹ́fẹ́ ìta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí a bá ṣínà fún gáàsì òkè, agbára náà á rọ̀, omi ìsàlẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Híhó ò ṣeé ṣe láìsí ooru, kò sì sẹ́ni tó ń dáná sábẹ́ sílíńdà (a dúpẹ́), ara omi butane náà àti ara irin tó fara kàn án ló ti máa ń fa ooru náà. Irin á tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì sẹ̀ sí i lára bí ìrì, kìkì ibi tí omi butane dé.

Ìyá Ọ̀yọ́ fún ìborùn rẹ̀. "Akọ̀wé, irú ìwé wo lo kà gan-an?"

Ó yẹ kí ìyẹn kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Kò kọ́ ọ. Láìpẹ́, ó ní òun fẹ́ gun Òkè Cameroon, tó ga tó mítà 4,095, tí Buea tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ sí Douala. Àwọn tó ń sá eré Race of Hope máa ń sáré gun òkè náà, wọ́n á sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Akọ̀wé ò sáré. Ìkòkò ló rù, àti ẹ̀wà tí Ìyá Ọ̀yọ́ bù fún un. Ní àtíbàbà tí wọ́n ń pè ní Hut 2, ní nǹkan bí 2,800 mítà, ó gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà hó, ó hó, ó hó títí ilẹ̀ fi ṣú. Eyín ò ràn án. Akọ̀wé fi kún iná. Omi gbẹ, ẹ̀wà le koko. Nígbà tó padà dé, ó kó ìyókù fún ẹni tó ni ín: "Màmá, ẹ̀wà yín ti gbó jù." Ìyá ò fèsì. Ó sè é lọ́jọ́ náà, ó sì fi abọ́ kan ránṣẹ́ sí i kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Afẹ́fẹ́ ló fa gbogbo rẹ̀. Omi kì í hó títí oru rẹ̀ á fi lágbára tó láti ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Ní Douala, tó wà létí òkun, ó di dígírì 100 kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Lókè níbẹ̀, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, omi á ti máa hó ní nǹkan bíi 90, kò sì ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a tiẹ̀ jó gbogbo igbó lábẹ́ rẹ̀. Ìtùnú kan wà fún akọ̀wé: nígbà tí Charles Darwin ń la òkè Andes kọjá ní 1835, ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n sè mọ́jú kò jinná, ìkòkò tuntun ni àwọn tó ń bá a rìn dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀, láti 1679 ni Denis Papin, ọmọ Faransé, ti ṣe ìkòkò onídèérí líle tó ń há oru mọ́nú, tí omi inú rẹ̀ fi ń gbóná ju 100 lọ.

Ó ku ti ìkómọ.

New Bell, àdúgbò kan ní Douala, ni wọ́n ti ṣe é. Akọ̀wé ní òun lòun á gbé ẹlẹ́rìndòdò wá, ó sì so páálí ìgò mẹ́yìn ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní bendskin níbẹ̀. Oòrùn mú, ọ̀nà rí gbágungbàgun. Bó ṣe dé, kò jẹ́ kí wọ́n tutù, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó fẹ́ kí Álífà tó wá sọ ọmọ lórúkọ kọ́kọ́ mu. Ó já ìdérí. Agbádá funfun Álífà gba àwọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ọrùn dé ìtàn.

Carbon dioxide ni wọ́n ń fi agbára tẹ̀ sínú omi ṣúgà kí wọ́n tó dé e pa. William Henry, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn ní 1803 pé bí agbára tó ń tẹ omi ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì tí omi lè gbé mì ṣe ń pọ̀ tó. Omi tútù sì ń gbé e mì ju omi gbígbóná lọ. Ooru ọ̀nà ti mú kí gáàsì inú ìgò máa wá ọ̀nà àbáyọ, jìgìjìgì ọ̀kadà sì ti fọ́n ìfófòó wẹ́wẹ́ káàkiri inú omi. Bí ìdérí ṣe ṣí, gáàsì ya wọ inú àwọn ìfófòó náà, wọ́n sì ti omi jáde.

Ní Cameroon yìí kan náà, irú gáàsì tó há sínú omi yìí ti pa èèyàn. Ní August 15, 1984, èèyàn 37 kú lẹ́bàá Adágún Monoun. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní alẹ́ August 21, 1986, Adágún Nyos tú gáàsì tirẹ̀ sílẹ̀, ó pa èèyàn bí 1,700 àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù. Abẹ́ ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín ni carbon dioxide ti ń wọ ìsàlẹ̀ adágún náà. Ó jìn ju 200 mítà lọ, omi òkè rẹ̀ sì ń tẹ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára tó ju ogún ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ lọ. Òun ni ìdérí. Nígbà tí omi ìsàlẹ̀ ru sókè, gáàsì bọ́, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó ṣàn gba àfonífojì bá àwọn tó sùn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣẹ́gun rẹ̀ ya akọ̀wé lẹ́nu. Ní 2001, wọ́n ki páìpù gígùn bọ Nyos dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa omi díẹ̀ gòkè. Bí omi náà ṣe ń gòkè, tí agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín, ó ń hó ìfófòó, ó ń fúyẹ́, adágún fúnra rẹ̀ sì ń tì í sókè. Wọ́n pa ẹ̀rọ. Omi ń tú jáde fúnra rẹ̀, ó fò tó nǹkan bí 50 mítà sójú ọ̀run, gáàsì sì ń bá a jáde ní díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe ti Monoun ní 2003, wọ́n sì fi páìpù méjì kún ti Nyos ní 2011.

Akọ̀wé ṣàlàyé gbogbo èyí fún Álífà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Álífà fara balẹ̀ gbọ́, ó ní ó yé òun, ó sì béèrè ẹni tí yóò san owó alágbàfọ̀.