Ọ̀sán Gangan ní Ìtẹ́ Òkú Atan

Àwa tí à ń gbé kámẹ́rà wá àgbélébùú àtijọ́ kiri ní Yaba, ìwà òmùgọ̀ kan wà tí gbogbo wa jọ ń hù, mi ò sì yọ ara mi sílẹ̀: a ti gbà pé ìdájí nìkan ni fọ́tò ń dára. Ibi tí a ti kọ́ ọ kò pamọ́. Àwọn fọ́tò bí irú ti àgbélébùú Saint Martin ni, èyí tó ti wà lórí ìdúró ní erékùṣù Iona, Scotland, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ: afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ koríko, ojú ọ̀run ṣú, bí ẹni pé áńgẹ́lì fẹ́ sọ̀kalẹ̀. La bá wọ súẹ́tà nínú ooru Èkó, a forí lé Atan kí ẹ̀fọn tó parí iṣẹ́ òru. Fọ́tò a jáde, àgbélébùú a funfun báláú, orúkọ ara rẹ̀ a pòórá. A ó wá ní fóònù ni kò dára.

Fóònù kò jẹ̀bi. Lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta kò ní àwọ̀ tirẹ̀. Òjìji inú rẹ̀ la fi ń rí i kà. Òkúta tó dúró, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, iwájú tààrà ni oòrùn àárọ̀ ti ń ràn án, òjìji kò sì ní sí. Ó di ìgbà tí oòrùn bá ga, tí ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè yọ́ wálẹ̀ lára òkúta, kí lẹ́tà tó yọjú. Oòrùn gíga la sì ní jù: lọ́sàn-án ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn Iona kì í ga ju nǹkan bíi dígírì 10 lọ, tiwa tó 60. Nítorí pé aago Nàìjíríà ń yá ju oòrùn Èkó lọ, nǹkan bí aago 12:30 sí aago 1:00 ni oòrùn tó ń dé góńgó. Ojú ìlà-oòrùn òkúta, díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni ká yà á. Ojú ìwọ̀-oòrùn, díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òfin yìí náà ló de àgbélébùú Muiredach ní Monasterboice, Ireland, tó ga tó nǹkan bíi mítà 5.5: Ìdájọ́ Ìkẹyìn wà lójú ìlà-oòrùn rẹ̀, Jésù lórí igi wà lójú ìwọ̀-oòrùn. Sàréè tó sùn gbalaja, tí ẹnì kan fi ìṣó kọ orúkọ sórí sìmẹ́ǹtì tútù, òun ni àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ yẹ.

Ẹnì kan á ní oòrùn ọ̀sán a máa ba fọ́tò jẹ́, ẹ bi onífọ́tò ìgbéyàwó èyíkéyìí ní Surulere. Òótọ́ ni, fún ìyàwó. Òjìji abẹ́ ojú tó ń sọ arẹwà di ẹni tí kò sùn lánàá, òun gan-an ni lẹ́tà ń wá. Ẹlòmíì á ní orúkọ kọ́ lòun bá wá, ẹ̀mí ibẹ̀ ni: kí òjò ṣú, tàbí kí ọyẹ́ bò ó. Ó ń wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó gbẹ́ òkúta, orúkọ ló sanwó fún. Ní Yaba kan náà ni sàréè àwọn ọmọ ogun wà tí àjọ Commonwealth War Graves Commission ń tọ́jú. Kí orúkọ má baà parẹ́ ni wọ́n ṣe dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1917. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi ṣọ́ọ̀kì tàbí fóòmù ìfárùngbọ̀n kun lẹ́tà kó lè hàn. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa wọnú òkúta, a sì máa jẹ ẹ́. Òkúta tó bá wà lábẹ́ igi, dígí gígùn irú ti àwọn télọ̀ Mushin ló ń fẹ́: ẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ná, kí ẹ gbé dígí náà síbi tí oòrùn dé, kí ẹ fi ta ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkúta. Dígí ò wọ́n. Ẹni tó máa bá yín dì í mú nínú oòrùn yẹn ló wọ́n, torí á gba owó oúnjẹ, á tún fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ ti ń bá òkú ṣe wọléwọ̀de.