Ejò Wo Ló Ń Lé Ọ̀gá Oní-Páwà-Báìkì?

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, páwà-báìkì ò tíì dé Èkó. Ká ní wọ́n rí ọ̀gá ẹni ọdún 48 tó wọ aṣọ awọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó ń dún lọ vùùù lórí Third Mainland Bridge láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn ì bá fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un: àwọn kan wà tí ò lé ejò, tí ejò ò sì lé wọn, ẹ̀gún tí wọ́n máa sá wọ̀ ni wọ́n ń fowó rà.

Ẹ̀gún tó wà lọ́jà báyìí ni quick-shifter. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, wọ́n ń so ó mọ́ ọ̀pá tó wà láàárín ẹsẹ̀ àti jíà. Bí ẹsẹ̀ bá ti ta jíà, ẹ̀rọ yìí á ta kọ̀ǹpútà báìkì lólobó, kọ̀ǹpútà á sì pa iná púlọ́ọ̀gì fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ojú tó ṣẹ́, agbára tó há eyín jíà mọ́ra ti dẹ̀, jíà á sì wọlé wẹ́rẹ́. Ọwọ́ òsì ò kan kúlọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún ò sì dín eré kù. Owó rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, kí mẹkáníìkì tó gba tiẹ̀.

Níbi ìdíje, ẹ̀rọ yìí wúlò gan-an. Ẹni tó dẹ̀gbẹ́ sórí báìkì ní kọ́nà kan ní Silverstone tàbí Assen kò fẹ́ kí báìkì mì nígbà tó bá ń pààrọ̀ jíà. Níbẹ̀, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí Honda fi gbé jíà tí kì í já agbára rárá wọ ìdíje MotoGP ní 2011. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tiwa kò lọ sí Assen. Ìbàdàn ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Ẹni tó mọ báìkì gùn lè fi kúlọ́ọ̀ṣì pààrọ̀ jíà láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní quick-shifter dá ìdá méjì padà fún un nínú rẹ̀. Ká tún ṣojúure sí i, ká ní ó ta jíà sókè ní ìgbà 200 láti Berger dé Ìbàdàn. Èrè gbogbo ìrìn-àjò náà jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40. Bó bá bá tírélà tó dábùú ọ̀nà ní Ògèrè, 40 ti wọlẹ̀. Bó bá sì dúró bọ́ ìbọ̀wọ́, tó ṣí akoto, tó nu òógùn, tó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ báìkì, ó ti wọ gbèsè.

Yóò ní, "Rárá, ọwọ́ mi ló ń ro mí." Òótọ́ ni: kúlọ́ọ̀ṣì páwà-báìkì le. Ibo ni ọwọ́ ti ń roni, bí kò ṣe nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ? Ibẹ̀ gan-an ni quick-shifter kò ti wúlò. Ẹni tó bá ń dúró tó ń gbéra kò lè ṣe é láìfa kúlọ́ọ̀ṣì, bí eré bá sì ti kéré, jíà tí ẹ̀rọ yìí bá pààrọ̀ máa ń ta èèyàn síwá sẹ́yìn ni. Agboòrùn tó ń ṣí lẹ́yìn tí òjò bá dá ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ẹ̀rín ni pé ọlọ́kadà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń pààrọ̀ jíà láìfọwọ́ kan kúlọ́ọ̀ṣì tipẹ́. Á dín eré kù bíńtín, á fẹsẹ̀ tẹ jíà, Bajaj rẹ̀ á máa lọ, kò sì san kọ́bọ̀ lé e. Àwọn tó gun Honda C70 kò tilẹ̀ ní kúlọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rárá. Super Cub tó bí i jáde ní Jàpáànù ní 1958, Honda sì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan gùn ún, kí ó fi èkejì gbé àwo. Nígbà tó fi di 2017, ó ti lé ní mílíọ̀nù 100 tí wọ́n ti ṣe. Nítorí oúnjẹ ni wọ́n fi gba kúlọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ aláàárù. Ọ̀gá wa ń sanwó kí wọ́n lè gba tirẹ̀ nítorí kí ni?

Ejò tó ń lé e wà nínú fóònù. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ oní-páwà-báìkì ti fi fídíò ránṣẹ́ sí WhatsApp: ó ta jíà, sàléńsà dún "pàù!", àwọn èèyàn rọ̀jò àmì iná sábẹ́ fídíò náà. Láti òru ọjọ́ náà ni báìkì tó dára lánàá ti di ẹrù àgbà.

Ẹ wo ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ọ̀pá jíà, ó ń fi ìka wọn àyè tí ẹ̀rọ náà máa gbà. Ọmọ iṣẹ́ fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, nọ́ńbà mẹ́rin yọ: 1416.

"Ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe táyà yìí o. Ẹ ò ní pààrọ̀ ẹ̀, sà?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ṣé quick-shifter yẹn á dún dáadáa?"

Èsì ti jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń rò ó bóyá kí òun rà á, kó kọ́kọ́ wo táyà, kó wo bíréèkì, kó wo ṣéènì, kó wo akoto orí rẹ̀. Kó béèrè bóyá iléeṣẹ́ tó ṣe báìkì náà ní èyí tó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ mu, torí èyí tí wọ́n bá to ṣàkàṣàkà lè jẹ́ kí jíà bọ́ sí àárín méjì lórí eré. Bí gbogbo èyí bá pé, tí owó ṣì kù, kó rà á. Fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó sáà má sọ fún ìyàwó ilé pé ìrìn-àjò ló fẹ́ yá. Ẹni tó bá lè là á mọ́lẹ̀ pé, "Ariwo yẹn ló wù mí," kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Owó rẹ̀ ló ná, ó sì mọ ohun tó rà.