Olè Mọ Orúkọ Mi Ju Báńkì Lọ

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ orúkọ mi o! Ní Lamashegu níbí, níbi tí mo ti ń ta táyà àti ṣéènì alùpùpù, Bàbá Yorùbá ni gbogbo Tamale mọ̀ mí sí. Sùláímọ̀n ni àlùfáà sọ mí. Olùkọ́ tó kọ mí sínú ìwé ilé-ìwé kọ Sulemana bí wọ́n ti ń pè é lápá ibí, Sulemana ló sì bá mi dórí Ghana Card, káàdì ìdánimọ̀ wa.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2022 tí Bank of Ghana ti ní Ghana Card nìkan ni kí báńkì máa gbà, ẹnu kò ràn án mọ́. Oníbàárà mi kan ní Yendi kọ sọ̀wédowó fún Sulaimon. Ọmọ ibi kántà, tó rà táyà àwìn lọ́wọ́ mi, wo ìwé, ó wo káàdì.

"Àlàájì, ta ni èyí?"

"Èmi ni."

"Ta wá ni èyí?"

"Èmi náà ni."

Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ wá.

MoMo, owó orí fóònù, kò sàn jù ú lọ. Kí èèyàn tó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, orúkọ ẹni tó fẹ́ sanwó fún á kọ́kọ́ yọ. Àwọn onígbèsè mi ti mọ èyí dunjú. "Bàbá Yorùbá ni mo jẹ lówó, n kò mọ Sulemana rí!" Wọ́n á fagi lé e, wọ́n á ní àwọn ń gbé owó bọ̀ fúnra wọn. Táyà ti rin Tamale já, owó kò tíì kúrò nílé.

Ọmọ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti 2020 ni àwọn báńkì ńlá ibẹ̀ ti ń yẹ orúkọ wò kí owó tó lọ. Bó bá ku lẹ́tà díẹ̀, ẹ̀rọ á ní ó jọ ọ́, á sì fi orúkọ tó tọ́ han ẹni tó ń sanwó. Ó jọ ọ́! Ṣé mo béèrè ju ìyẹn lọ ni?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti olè. Òun náà á tẹ nọ́ńbà mi bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́, orúkọ mi á yọ sí i, á dá a dúró níbẹ̀, á wá pè mí. Láyé mi, òun nìkan ló ń pè mí bí káàdì ṣe pè mí, kò ṣi lẹ́tà kan. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ṣèèṣì fi owó sọ́dọ̀ mi, kí n jọ̀ọ́ dá a padà. Mo ní Sulemana ti jáde, Bàbá Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀.

Ó bi mí pé ìgbà wo ló máa dé.