Mo Tẹ́ Òrùlé, Mo Sùn Lé E

Bí ẹ bá kọjá ní Lougba, ìlú mi ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ gbọ́ pé eégún kan jáde lóru nínú oṣù kẹjọ, tó ń tàn bí àtùpà, tó sì ń fi Faransé ṣépè, ẹ má bẹ̀rù. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló tíì ṣe, orúnkún mi ṣì ń ro mí, mo sì fẹ́ tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, torí èyí tí ìyàwó mi ń sọ kiri ládùúgbò ti ní orin nínú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Ilé ìwé parí, fàkáǹsì dé, àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti ìbejì ọmọ ọdún 8, jókòó ti fóònù nílé wa ní Kùtọnu bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Wọ́n rí fíìmù kan tí bàbá òyìnbó kan ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ igbó lọ, ó pàgọ́ fún wọn, wọ́n ń yan ẹja létí odò. Àkọ́bí mi yíjú sí mi: "Pápá, ṣé àwa ò ní igbó ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Èmi ọmọ Lougba! Èmi tí wọ́n fi iṣu ilẹ̀ Bantè wò dàgbà, tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní tí wọ́n ń kọ ebè! Mo ní kí wọ́n lọ di ẹrù.

Mo ra kàyé tuntun, mo kọ gbogbo ohun tí a ó mú dání sínú rẹ̀, ó jẹ́ 37. Tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Oògùn ibà. Oògùn ẹ̀fọn. Gàrí kílò mẹ́ta. Ẹ kíyè sí gàrí yẹn: mo gbé gàrí ní Kùtọnu, mo fi ọkọ̀ gbé e gba Savalou kọjá, Savalou tí gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń tọrọ gàrí rẹ̀. Ẹni tó pọn omi lọ sódò gbọ́n jù mí lọ.

Oṣù kẹjọ ni mo sì mú. Mo ní ìdí tí mo fi mú un. Ní Kùtọnu níbí, òjò ńlá a máa dá ní oṣù keje, ilẹ̀ a gbẹ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí òjò kékeré tó dé ní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó bo Kùtọnu kọ́ ló bo gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Lókè ní àríwá, ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní láàárín ọdún, oṣù kẹjọ gan-an ló sì máa ń le jù. Àgbègbè Collines, níbi tí Bantè wà, ló dúró láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́dún kan a fara jọ gúúsù, lọ́dún kejì a fara jọ àríwá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò ṣe pe Bàbá ní Lougba kí ẹ bi wọ́n bí òjò ṣe rí?" Mo ní ṣé ó fẹ́ fi ìlú mi hàn mí ni. Ó ní òun ò bá wa lọ, ọjà òun wà nílẹ̀. Obìnrin yẹn ti rí nǹkan.

Ó ku àgọ́. Mo rí ọ̀kan lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ọjà Yúróòpù. Ó pè é ní 30,000 fàráǹ, a ná an títí ó fi di 18,000. Ó ní àgọ́ ẹni mẹ́rin ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ọmọdé á pa á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún." Ìwé tó yẹ kó wà nínú àpò rẹ̀ láti fi han ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sí. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

A gba Bohicon, a gba Dassa, a gba Savalou, a dé Bantè, a dé Lougba. Kí n má fi ìrìn àjò dá yín dúró. Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín ìbejì nínú ọkọ̀ rí ti mọ̀ ọ́n.

Ahéré Bàbá wà láàárín oko. Òpó mẹ́rin ni, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, wọ́n fi igi ṣe àkéte tó ga kúrò nílẹ̀, iná sì wà nísàlẹ̀ tí èéfín rẹ̀ ń lé ẹ̀fọn. Bàbá nawọ́ sí i: "Ilé nìyẹn." Mo ní rárá, ẹ ṣeun Bàbá, a gbé ilé wa dání. Wọ́n wo àpò tó wà lọ́wọ́ mi, tí kò ju ìrọ̀rí lọ. Wọ́n wo àwọn ọmọ mẹ́ta. Wọ́n tún wo àpò náà. "Nínú ìyẹn?" Wọ́n wá tọ́ka sí ẹ̀yìn ahéré níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, wọ́n ní kí n fi í síbẹ̀. Mo wo ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀. Mo rí ibòmíràn nísàlẹ̀, lẹ́bàá àwọn ebè: ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, koríko kan kò hù níbẹ̀, iyanrìn rẹ̀ rọ̀ bíi ti etí òkun. Ẹni tó bá ti gbé oko rí á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ló gbá ibẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi kò bi ara mi. Omi ló ń gbá a.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àgọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, torí mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ kéékèèké, okùn rọ́bà gba inú wọn kọjá, bí o bá ju ọ̀pá náà sókè wọ́n á so ara wọn pọ̀ kó-kó-kó bí eegun ẹ̀yìn ejò. Méjì ni wọ́n, wọ́n dábùú ara wọn lókè. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gùn ju ilẹ̀ àgọ́ lọ. Tí o bá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí igun, kò ní ohun tó lè ṣe ju kó tẹ̀ lọ. Bó ṣe ń jà láti nà padà ló ń fa aṣọ le. Ọmọ tó bá ti fi igi títẹ̀ dẹ tàkúté fún òkété rí ti mọ ọgbọ́n yẹn. Èèkàn wà pẹ̀lú. Ẹ kì í gbá èèkàn lóòró. Dídagun ni, kí orí rẹ̀ fi àgọ́ sílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wọ abẹ́, kí okùn má bàa fà á yọ. Èmi gbá a lóòró ṣánṣán bí ẹni ń rì òpó iná, nínú iyanrìn.

Ṣùgbọ́n aṣọ ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣọ méjì ni àgọ́ ní. Èyí tí ènìyàn ń sùn sí nínú, àwọ̀n ni òkè rẹ̀. Àwọ̀n, torí pé omi wà nínú èémí ènìyàn. Bí èèyàn mẹ́rin bá fi gbogbo òru mí sínú aṣọ tó dí pa, èémí wọn á di omi lára aṣọ, á sì máa kán lé wọn lórí. Àwọ̀n yẹn ló ń jẹ́ kó jáde. Aṣọ kejì kò ní ìsàlẹ̀, omi kì í wọ̀ ọ́, òun ni wọ́n ń fi bo èkíní láti òkè, kó fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan jìnnà sí i, kí òjò máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀, kí èémí sì máa gba àárín wọn jáde. Ó parí. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Èmi wo aṣọ kejì yìí. Ó nípọn, inú rẹ̀ ń dán. Mo ní: áà, ẹní rèé. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo na igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbọn iyanrìn kúrò lórí rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì gbé ilé lé e. Mo tẹ́ òrùlé mọ́lẹ̀, mo fẹ́ sùn lé e lórí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì dùbúlẹ̀, ó wòkè. "Pápá, òrùlé dà?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kí ẹ lè máa rí ìràwọ̀."

Ẹni mẹ́rin tí ọlọ́jà yẹn wí, òkú mẹ́rin ló ní lọ́kàn: kí kálukú na gbọọrọ, kó káwọ́ lé àyà, kó má yí padà, kó má sì ní báàgì. Ẹsẹ̀ ọmọ kan wà ní imú mi, ti èkejì wà níbi tí mi ò ní dárúkọ. Lẹ́yìn bí wákàtí kan, òórùn iṣu sísun wọlé láti ahéré. Bàbá kò lọ sílé lálẹ́ yẹn. Wọ́n ní ó rẹ àwọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn ò fọkàn tán mi ni. Àwọn ìbejì jáde láìdágbére. Àkọ́bí mi ṣàánú mi, ó dúró. Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ dìde, ó ní, "Pápá, mo fẹ́ lọ tọ̀." Ìtọ̀ yẹn ò tíì parí títí di òwúrọ̀.

Ó wá ku èmi àti ìràwọ̀, ìràwọ̀ náà sì ń dín kù. Nǹkan tútù kan bà lé iwájú orí mi, mo rò pé alángbá ni, mo gbá a. Òmíràn bà lé ètè mi. Mo tọ́ ọ wò. Omi ni. Kí n tó sọ pé ó tó, ọ̀run ya.

Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò kò jo wọlé, ó wọlé ni. Ó gba inú àwọ̀n bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ìsàlẹ̀ àgọ́ náà kò gba omi láàyè, etí rẹ̀ sì gòkè yíká bí etí agbada, kí omi ìta má bàa wọlé. Agbada kò mọ inú yàtọ̀ sí ìta. Omi tó wọlé gbé síbẹ̀, ó ń kún. Kàyé mi tí mo to nǹkan 37 sí léfòó kọjá níwájú mi. Gàrí mi ní igun ń mumi, ó ń wú, ó já ọ̀rá, ó bọ́ sínú omi pẹ̀lú mi. Mo di ẹ̀pà inú gàrí.

Mo sáré sí ẹnu ọ̀nà. Sípù há. Ó ti gbé aṣọ mì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Mo fà á, mo gbàdúrà sí i, mo bú u. Ìgbà tí mo dìde lójijì ni èèkàn mi lóòró ṣánṣán tú lẹ́ẹ̀kan náà bí eyín ọmọdé. Àgọ́ bá mi dìde. Ẹsẹ̀ mi wà nínú agbada, orí mi wà nínú àwọ̀n, ọ̀pá wà lọ́rùn mi, tọ́ọ̀ṣì tó ń tàn wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń fò bí ẹni wà nínú àpò lọ síbi tí mo rò pé ahéré wà. Ahéré kọ́ ló wà níbẹ̀. Ebè ni. Mo ṣubú lé ọ̀kan, mo dìde, mo ṣubú lé èkejì.

Láti òkèèrè, ohun tí wọ́n ń rí ni ohun ńlá kan tó ń tàn, tí kò lẹ́sẹ̀, tó ń dìde tó ń ṣubú, tó ń pariwo lédè tí kì í ṣe ti oko. Ọkùnrin kan tí oko rẹ̀ bá ti Bàbá pààlà yọ pẹ̀lú àdá. "Ta nìyẹn? Ṣé èèyàn ni àbí nǹkan mìíràn?" Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí Yorùbá fi mí sílẹ̀, Faransé ni mo fi dá a lóhùn. Ó gbé àdá sókè.

Nígbà náà ni ohùn Bàbá ti ahéré wá. Wọn ò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní, "Má ṣá a. Ará Kùtọnu ni."

Ẹ jẹ́ kí n pa àwàdà tì díẹ̀. Inú ń bí mi, ó ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ èyí. Ká ní àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ nígbà tí sípù yẹn há ńkọ́? Ìwé pélébé kan tó ní àwòrán mẹ́rin kò bá ti fi han ọ̀dẹ̀ bíi tèmi pé aṣọ yìí òkè ló ń lọ. Ọkùnrin tó ta àgọ́ fún mi mọ̀ pé kò sí ìwé nínú àpò, ó mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan tí mò ń rà, ó gba 18,000 fàráǹ lọ́wọ́ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó sì rẹ́rìn-ín. Mo padà lọ wá a. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí.

Bàbá ló wá tú mi sílẹ̀. Wọ́n fi ìka méjì mú sípù, wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀, aṣọ tó gbé mì jáde, wọ́n ṣí i wẹ́rẹ́. Èmi àti omi àti gàrí jọ dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn wọn, àkọ́bí mi dúró, fóònù lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá rẹ̀ ti rí fídíò náà ní Kùtọnu, ìyá ìyá rẹ̀ ti rí i, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti rí i.

Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì yí oko ká nínú ọ̀rinrin, wọ́n ń kà. "Ebè méje," ni wọ́n wí, wọ́n padà lọ sùn. Láàárọ̀, mo jí bá ọkọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

A lo ọjọ́ mẹ́rin sí i nínú ahéré. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò jò. Nígbà tí a ń lọ, mo ní kí ìyàwó Bàbá bá mi ju àgọ́ náà sínú iná. Wọ́n ní ìfiṣòfò ni.

Lánàá, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Wọ́n ti pàgọ́ mi sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, èèkàn rẹ̀ dagun dáadáa, aṣọ kejì wà lókè níbi tó yẹ kó wà. Òjò ń rọ̀ nínú fọ́tò náà. Àwọn òròmọdìẹ mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀, ara wọn gbẹ, àṣá kò sì ríbi wọlé. Àwọn ìbejì fẹ́ mọ ẹni tó fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń pa á. Mo pè láti béèrè.

"Ta ni ìbá fi hàn mí?" ni ìyàwó Bàbá wí. "Ṣé òrùlé náà ò jọ òrùlé ni?"