Ẹnjiníà Ó-máa-gbé-e

Ẹ óò rí i ní Sẹkọnà, níbi tí ọ̀nà Ifẹ̀ ti pàdé ọ̀nà tó ti Gbọ̀ngán lọ sí Òṣogbo, tí ilé oníṣọ́ọ̀bù ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tẹ́sítà wà lápò àyà rẹ̀, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. Tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, pẹ́ńsù kò kọ nǹkan kan rí. Bí lánlọ́ọ̀dù bá bi í pé iná wo ló máa tó ilé yìí, á gbójú sókè wo òrùlé bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, á ní: "Àlàájì, jẹnẹrétọ̀ 10 kVA. Ó máa gbé e." Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n alákàn kì í fa wáyà.

Ìṣirò tó ń sá fún kò ju ti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ká ní ṣọ́ọ̀bù 20 ni, tí gílóòbù LED méjì oníwáàtì 18 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: wáàtì 720 nìyẹn. Fi iná ìta mẹ́fà oníwáàtì 30 kún un, ó di 900. Fi fóltì 230 tí à ń lò nílẹ̀ yìí pín in, kò pé ámpíà 4. Jẹnẹrétọ̀ tó dárúkọ yẹn sì lè gbé nǹkan bíi 8,000 wáàtì. Á ní àṣẹ́kù kì í ba nǹkan jẹ́, ọ̀la ń bọ̀. Ó ń bà á jẹ́: ẹ̀rọ onídísẹ̀lì tí kò rí ẹrù gbé á máa mu epo lásán, èédú á sì máa dì sí i nínú. Ẹni tó ra tírélà torí agbọ̀n ata kan kò tíì múra fún ọ̀la.

Wọ́n lè ní ó ti wáyà ilé tó pọ̀, kò sì sí èyí tó jó. Wáyà kì í jó lọ́jọ́ tí wọ́n fà á. Ohun tó bá tóbi lójú rẹ̀ ló ń pè ní ẹrù: òrùlé ńlá, iná ńlá; ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo ní kọ̀rọ̀, kò jẹ́ nǹkan. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò ìlọta 2 hp lè fa ju 1,500 wáàtì lọ, ó ju gbogbo gílóòbù ilé náà lọ. Ìyẹn gan-an ni yóò so mọ́ wáyà 1.5 mm² tó fà fún gílóòbù, yóò tún so fírísà tẹ̀lé e. Wáyà á máa gbóná, rọ́bà rẹ̀ á máa gbó. Lánlọ́ọ̀dù náà ò mọ́wọ́ kúrò, nítorí ẹni tó dáhùn kíákíá ló máa ń gbéṣẹ́ fún. Nínú gbogbo ilé náà, fíúsì nìkan ló ń ṣe ìṣirò. Lọ́jọ́ tó bá já, Ẹnjiníà á fi ẹyọ wáyà kan dí ojú rẹ̀, á nu ọwọ́: "Àlàájì, ó máa gbé e."