Bọ̀dá Ó-Kù-Díẹ̀

Kò sí ẹgbẹ́ tó ń kọ software, tí kálukú wọn ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tí kò ní Bọ̀dá Ó-Kù-Díẹ̀ tiẹ̀. Ó lè máa gbé ní Bódìjà, ó lè jẹ́ Àkóbọ̀, ó sì lè jẹ́ Sángótẹ̀dó ló forí pamọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í yàtọ̀. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, tí gbogbo wọn bá pàdé lórí Zoom kí kálukú sọ ohun tó ṣe lánàá àti èyí tó fẹ́ ṣe lónìí, Bọ̀dá á ti kámẹ́rà rẹ̀ pa, á wúkọ́ díẹ̀, á ní: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ àná yẹn, mo ṣì wà lórí ẹ̀. Ó kù díẹ̀." Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, díẹ̀ tó kù á ti ju iṣẹ́ náà gan-an lọ.

Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ó mọ iṣẹ́. Ẹ gbé e jókòó sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá, níbi tí ọ̀gá ti lè na ọrùn wò ó, á ṣe é, á sì dára. Ohun tí kò yé e ni pé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí ẹnìkejì, ohun téèyàn bá kọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó wà láyé. Bọ̀dá kì í kọ nǹkan kan. Àmì aláwọ̀ ewé orí Slack, tó ń fi hàn pé èèyàn wà nídìí iṣẹ́, ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ ń lọ sí. Ó ti fi òwú dúdú so mouse mọ́ ọrùn fáànù rẹ̀. Bí fáànù bá yí sọ́tùn-ún, mouse á tẹ̀ lé e. Bó bá yí sósì, òun náà á wọ́ padà. Láti London, níbi tí àwọn ọ̀gá wọn wà, wọ́n ń rí i pé Bọ̀dá ò kúrò lórí ìjókòó látàárọ̀. Bọ̀dá wà ní ìsọ̀ àmàlà, ó ń bu ẹran kejì. Ọjọ́ tí NEPA wá mú iná lọ lóòótọ́, fáànù dúró, àmì ewé sì kú. Àǹtí tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí i: "Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan?" Ìrọ̀lẹ́ ló tó fèsì: "Ẹ má bínú, iná ni." Ìyẹn ni òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lóṣù náà.

Ta ló fẹ́ bá ọmọ Nàìjíríà jà lórí ọ̀rọ̀ iná? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, inú Bọ̀dá dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n tún wáyà ṣe tán. Kérésì ń kanlẹ̀kùn, wáyà ṣì ń já nílé Bọ̀dá nìkan. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún ń gbé àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tóun máa ń kọ rèé: "Iná ti lọ níbí, bátìrì mi ò ju wákàtí méjì lọ. Mo ti gbé ibi tí mo ṣe é dé sókè. Ojú ìwé ìsanwó ló kù, ẹni tó bá ráyè lè bá mi mú un." Ó tán. Kò sẹ́ni tó tún pè é.

Aago náà tún ńkọ́? Nàìjíríà kì í yí aago padà, Bìrìtìkó ló ń yí i. Nígbà ooru wọn, Èkó àti London dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Nítorí náà, lópin oṣù kẹwàá, ìpàdé aago mẹ́wàá London di aago mọ́kànlá lọ́dọ̀ Bọ̀dá. Wọ́n fún un ní wákàtí kan gbáko lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún pẹ́ dé, ó ní wọn ò sọ fún òun.

Kóòdù rẹ̀ náà ńkọ́? Lọ́dún 2005 ni Linus Torvalds ṣe Git, kí àwọn tó ń kọ Linux láti orílẹ̀-èdè tó jìnnà síra lè máa rí iṣẹ́ ara wọn ní kékeré-kékeré, kí wọ́n mọ ẹni tó yí kiní wo padà àti ìdí rẹ̀. Wọn ò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pàdé. Ímeèlì ni wọ́n fi ń jiyàn. Ti Bọ̀dá yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kóòdù yóò fi wà ní àhámọ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó bá wá di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí àwọn tó kù ti ń jẹ súyà, á da ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìlà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàyé tó kọ sí i: "fix". Lẹ́yìn náà, "fix 2". Lẹ́yìn náà, "final", àti "final gan-an".

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àwọn òbí ò rí owó ilé-ìwé san mọ́ lórí áàpù wa látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé e sókè."

"Àbúrò, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi o."

Lọ́jọ́ kan, ó ṣèèṣì gbàgbé inú ìpàdé tó wà. Ó ròyìn dáadáa, fún ìgbà àkọ́kọ́, pé òun ti parí ojú ìwé táwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ń forúkọ sílẹ̀. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Àwọn yìí ò ní ọkọ̀ akẹ́rù kankan. Dọ́là ni wọ́n ń san níbi tó ti ń ṣe tọ̀hún, ìdí nìyẹn tí tọ̀hún fi ń parí.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, Àǹtí ò ní kẹ́ ẹ parí lónìí. Ẹ kàn kọ ibi tẹ́ ẹ dé, ibi tó há, àti ẹni tó lè bá yín tú u. Ìlà mẹ́ta tó. Kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ kó tó di aago márùn-ún, torí àwọn ará London kì í pẹ́ kógbá wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.