Ẹsẹ̀ Mi Ló Kọ́kọ́ Wọ Kíláàsì

Òfin 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di 2021, sọ ọ́ kedere ní Bẹ̀nẹ̀: kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ni àtúnṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, ìjọba tún dá àpò FADeC sílẹ̀ láti fi ran àwọn kọ́múùnù lọ́wọ́. Àmọ́ òfin kì í gun òrùlé, owó kì í dá gbé àkàsọ̀. Ní abúlé wa lẹ́bàá Djaloukou, ilé-ìwé ń jò, lẹ́tà tí àwa òbí kọ sí kọ́múùnù sì wà lójú ọ̀nà. Ni mo bá dìde ní ìpàdé, mo ní kí wọ́n fi òrùlé náà sílẹ̀ fún mi. Télọ̀ ni mí. Ẹni tó ń lẹ ṣòkòtò, kí ni yóò ní kó má lè lẹ páànù?

Àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ káfíńtà kìlọ̀ fún mi: “Ẹ̀gbọ́n, ojú ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀ o. Abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà.”

Mo gbé ọ̀dà, mo gòkè. Ojú ìṣó náà ni mo ń tẹ̀ bí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ inú igi tán, èèpo ló kù.

Gbàràmù! Páànù gbé mi mì dé ìbàdí. Ojú mi ń wo oko iṣu lókè, ẹsẹ̀ mi ń fì dirodiro nínú kíláàsì. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ pé bí àlejò bá wọlé, kí wọ́n dìde kí i. Wọ́n dìde lóòótọ́, wọ́n fi ohùn kan ṣoṣo pariwo: “Bọ̀njúù, mùsíyẹ̀!” Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láàárín wọn: “Ṣòkòtò bàbá mi mà nìyẹn!” Ó sì ti ya láti ìdí dé orúnkún.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ kọ́múùnù dé, ihò mi ni wọ́n yà ní fọ́tò, òun náà ni wọ́n dí: páànù tuntun kan, ó ń dán yanran, lórí igi ikán kan náà. Ibi tó ń jò tẹ́lẹ̀ ṣì ń jò. Ohun tó bá fojú hàn ló ń rí owó gbà. Bẹ́ẹ̀, ká ní a ti ń fi epo ọkọ̀ àlòkù kun igi yẹn lọ́dọọdún ni, ikán ì bá má tètè ríbi jókòó. Àìtètè mólè, olè mú olóko.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe. Wọ́n ní èmi nìkan ló ti wà lókè àti nísàlẹ̀ ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà.